Felicia àti Dígí Tí A Kì Í Nù

Bí ẹ bá rí Felicia Oyèbámijí pẹ̀lú ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀ ní Òkòkòmaikò, ẹ ó ní ìyá àgbà lásán ni. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n! Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi gbálẹ̀ ní ilé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wo oòrùn àti ìràwọ̀, lórí òkè kan báyìí lọ́hùn-ún ní Èkìtì. Ọmọ rẹ̀ Títílọpẹ́ tó bímọ ló gbé e wá sí Èkó, kó wá bá a wẹ ọmọ.

Lórí òkè yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya àwòrán àwọn àmì dúdú tó wà lójú oòrùn, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn ọmọ iléèwé. Wọn á gun òkè wá, Felicia á tò wọ́n, á di bébà funfun mú sẹ́yìn awò awọ̀nàjíjìn kí oòrùn lè hàn lórí rẹ̀. Òfin kan sì wà níbẹ̀: a kì í fi aṣọ nu dígí awò náà. Felicia tó máa ń nu gbogbo nǹkan títí kan ẹsẹ̀ àga, òun náà ti gbé tówẹ̀lì tútù dé ìdí rẹ̀ rí. Igbe tí ọ̀gá ké lọ́jọ́ náà, kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Àṣé àwọn ará òkè yìí kan náà ló fún iléèwé Fisáyọ̀, àkọ́bí Títílọpẹ́, ní awò awọ̀nàjíjìn kékeré kan, ní Ìbà níbí. Ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí wá wò ó, Felicia ló lọ. Ọyẹ́ ti da eruku bo dígí rẹ̀. Tíṣà Ṣọlápé bá yọ háńkì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi ọṣẹ.

"Tíṣà, ẹ dúró! Ẹ ó ha á!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sáyẹ́ǹsì lèyí."

"Mo mọ̀. Ibi tó ti wá ni mo ti ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo lẹ ṣe níbẹ̀, mà?"

"Mo ń gbálẹ̀ ni."

Ni gbogbo àwọn òbí bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, "Ẹ bá wọn wá ìgbálẹ̀ o!"

Ojú ti Fisáyọ̀, ó ń wolẹ̀. Èyí ló dun Felicia jù. Awò kan ṣoṣo, bí dígí rẹ̀ bá fi lè họ, ó parí náà nìyẹn. Ó di ọwọ́ tíṣà mú. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan péré. Bí mo bá bà á jẹ́, ẹ lé mi jáde."

Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó mú rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ tuntun jáde, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìyànà-Ìbà bó ṣe ń bọ̀. Ó fi fẹ́ dígí náà bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ ti orí òkè: fìì, fìì. Eruku fò lọ. Ó kọjú awò sí oòrùn, òjìji awò nílẹ̀ ló ń wò tó fi ń tún un ṣe.

"Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fojú sí i o! Ó máa fọ́ yín lójú!"

Ó na bébà funfun sẹ́yìn awò. Oòrùn bá jókòó sórí bébà, roboto, àmì dúdú mẹ́rin lójú rẹ̀.

Ariwo ta! Ìyá tó ní kí wọ́n wá ìgbálẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí i.

Tíṣà mú pẹ́ńsù, ó ya àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí Felicia ṣe júwe fún un, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sórí òkè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orúkọ ta la máa kọ sísàlẹ̀?"

Kí Felicia tó lanu, Fisáyọ̀ ti gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ tíṣà, ó ń kọ ọ́, ó sì ń kà á síta kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Felicia Oyèbámijí. Màmá mi àgbà ni!"