Ọjọ́ Tí Mo Sá Ohùn Ìyá Mi Sóòrùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ ara mi fún yín lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò tíì rí i gbé mì. Ẹ má tíì fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ kà á tán ná!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà giramafóònù, ṣé ẹ rántí àwọn awo rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré yẹn? Èyí tí orin kan máa ń wà lójú kan, orin kan lójú kejì. Ihò àárín wọn fẹ̀ ju irin ẹ̀rọ lọ, bàbá mi a gé sílípáàsì tó ti já, wọ́n a fi dí i. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, wọ́n a gbé kọ́bọ̀ lé e lórí.

Nítòsí Sapele Road níbí ní Benin là ń gbé nígbà yẹn, bàbá mi sì ní irú awo bẹ́ẹ̀ tó bíi ogún. Ọ̀kan wà tí ọkùnrin kan máa ń húkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Gbogbo ilé la jọ máa ń bá a húkọ́! Òmíràn wà tó máa ń há síbì kan, á máa wí ọ̀rọ̀ kan náà títí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ṣadé, á fi lọ fọwọ́ tì í.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mi ò lè fi wé èyíkéyìí. Àwọn obìnrin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló kọ ọ́. Bébà àárín rẹ̀ ti bó dànù kí n tó mọ̀wé kà, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ń dá orin náà, tí àwọn yòókù ń gbè, ìyá mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí màámi kú. Fọ́tò wọn kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì kọjú sí nínú rẹ̀. Ohùn yẹn nìkan ni mo ní.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò ti gbà á sórí fóònù láti ọjọ́ yìí. Ẹ bi mí dáadáa! Giramafóònù bàbá mi ti kú tipẹ́tipẹ́. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ọ̀la, ọ̀la, títí Yétúndé ọmọ mi fi pé ọdún mẹ́rìnlá láì gbọ́ ohùn ìyá bàbá rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lòun náà wà, ohùn rẹ̀ sì dùn!

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá ń gbé Benin mọ ohun tí mò ń wí. Ní Oregbeni tí a wà yìí, àgbàrá wọlé títí dé yàrá, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ibẹ̀ sì ni páálí rẹ́kọ́ọ̀dù wà. Gbogbo rẹ̀ rin gbingbin, ẹrẹ̀ bò ó.

Kí là ń ṣe fún ohun tí omi bá bà? Ṣebí a máa ń sá a sóòrùn ni! Oòrùn mú ganrínganrín lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó mi ń sá tìmùtìmù, ó ń sá ìwé, ó ń sá bàtà. Èmi náà fi ọṣẹ fọ àwọn awo mi, mo tò wọ́n sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Inú mi tún ń dùn pé mo gbọ́n. Mo wá sáré jáde lọ sí Airport Road.

Nígbà tí mo fi máa padà dé, awo màámi ti ká kòrókòró bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n sun lórí iná.

Mo pariwo! Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Àwọn aládùúgbò rò pé ẹnì kan kú ni, wọ́n sáré wá. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n ní mo ti fọwọ́ ara mi pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì? Mo gbé Bíbélì ńlá lé e, kò nà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù, ìyàwó mi já a gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Àgbà bíi tèmi, mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, èmi àti Yétúndé gbé e lọ bá bàbá Bìní kan tó ń tún rédíò ṣe ní Sapele Road, Engineer ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"My son, you wan fry am chop?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Engineer, abeg, na my mama voice dey inside." Ojú rẹ̀ yí padà.

"Na sun bend am. Na sun go straight am."

Ó ní kí n tẹ́ ẹ sáàárín gíláàsì fèrèsé méjì, kí n gbé ẹrù lé e, kí n sá a, kí n má sì ṣí i títí á fi tutù.

Ẹ wá wo ìdààmú! Oòrùn tó ràn bí iná lánàá, ó fara pamọ́. Ọjọ́ méjì gbáko, ìkùukùu ṣáá. Mò ń bẹ Ọlọ́run fún oòrùn bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyàwó mi ní orí mi ti fẹ́ dàrú, mi ò sì bá a jiyàn. Ìgbà tó yọ lọ́jọ́ Fúráídè, mo jókòó ti gíláàsì yẹn bí ẹni ń lé adìẹ lára èlùbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Engineer gbé awo náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Abẹ́rẹ́ ń fò. Mo di apá Yétúndé mú. Bàbá náà fi ìka tẹ orí abẹ́rẹ́ díẹ̀, ohùn bá jáde! Ó ń gbọ̀n, ó ń lọ sókè sódò, àmọ́ ohùn yẹn náà ni. Mo ké bí ọmọ ọwọ́. Yétúndé ń gbà á sórí fóònù, omi ń bọ́ lójú òun náà.

Nírọ̀lẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Ṣadé ní Adó-Èkìtì. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí lọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé màámi ti padà dé. Kíá ni wọ́n pè mí.

"Fẹ́mi, ṣé o ṣì gbà pé màámi nìyẹn?"

Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ fún mi!

Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, mi ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, màámi ni mò ń pè ṣáá. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ló ń kọ lọ́wọ́, làwọn bá nawọ́ sí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n fetí sílẹ̀, màámi ló ń kọrin yẹn. Mo dákẹ́. Mo jẹun. Bàbá wa gbọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọ oúnjẹ, wọ́n á gbé e sí i. Àǹtí ní àwọn rò pé mo mọ̀ nígbà tí mo dàgbà.

Mo ní ta wá ni obìnrin yẹn? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní màámi kì í tilẹ̀ kọrin. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ètè lásán ni wọ́n máa ń mì, torí ojú ohùn wọn ń tì wọ́n.

"Ohùn màámi há, Fẹ́mi. Bíi tìrẹ yìí gan-an."

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, mo tún di ọmọ òrukàn lójijì.

Yétúndé wà ní pálọ̀, ó ń bá obìnrin inú fóònù kọ ọ́, ohùn méjèèjì wọ ara wọn. Nígbà tó rí mi, ó ní:

"Daddy, so na from Grandma I take this voice?"

Mo wá fi ohùn mi tó há yìí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má sá rẹ́kọ́ọ̀dù sóòrùn o! Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó mọ ìtàn ilé yín, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi irọ́ bẹ̀ kẹ́ ẹ lè jẹun rí, ẹ bá mi sọ tiyín nísàlẹ̀. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọmọ yìí, àbí kí n jẹ́ kó máa kọrin lọ?