Ṣíbí Tó Ń Dúró De Àmín

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyàwó mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún: kí n má ṣe fi oúnjẹ sí i lẹ́nu níwájú àlejò. Ọwọ́ òsì ti ń gbọ̀n tipẹ́. Mo bá kan apá onírin kékeré mọ́ tábìlì ìjẹun wa ní Kettering, lókè òkun níbí. Bó bá ti tẹ bọ́tìnì, apá náà yóò bu oúnjẹ, yóò sì gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀, kò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ìyàwó mi yóò fi gbà á jẹ. Mọ́tò kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń gbé e.

"Mọ́tò?" ló wí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi hàn án. "Mọ́tò tí èèrà pàápàá ò lè wọ̀?"

"Ìyá àwọn ọmọ, kì í ṣe èyí tí à ń wà lọ sọ́jà ní Largo."

"Ẹ ṣeun, Dádì. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó dà mí sí kòtò."

Inú rẹ̀ dùn, mo mọ̀.

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ohun tó lè gbé. Bí apá bá ṣe nà jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ṣe ń wúwo sí i. Ó lè gbé e, kó tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbígbé e dúró sókè ló ń pa á. Ní yunifásítì, nígbà tí irun mi ṣì dúdú, olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé ẹ̀rọ tó gbẹ́rù dúró kò sinmi rárá. Èyí tó wà lára apá yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣíwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa. Mo gbé ẹ̀wà kalẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó tẹ bọ́tìnì, ṣíbí gòkè.

"Ọlọ́run tóbi!" ni alàgbà wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná."

A dijú. Ó gbàdúrà fún ẹ̀rọ, fún ọwọ́ ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ wa tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, fún gbogbo ẹni tó ń retí ìwé ìgbélùú. Mo ń gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń kùn. Ta ló ń dá alàgbà dúró lórí àdúrà? Mo pariwo "Àmín!" kó lè mọ̀ pé ó tó. Ó rò pé ó wọ̀ mí lára ni. Ó tún gbóhùn sókè.

Òórùn ike tó ń jóná kàn mí nímú. Apá náà gbọ̀n, ó wó, ẹ̀wà sì dà sórí búbà funfun ìyàwó mi.

Ìyàwó alàgbà nù ún, ó sì mú ṣíbí. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín bù ú."

Ìyàwó mi wò mí. Mi ò ní mọ́tò mìíràn. Ó pa ojú méjèèjì dé, ó la ẹnu.