Agolo Bisikíìtì Abẹ́ Òkúta

Enid Sugden kì í fún ẹnikẹ́ni ní eku láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ lọ wo ilé onítọ̀hún. Á wọlé, á bọ́ bàtà, á gba tíì tí wọ́n bá gbé fún un, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ihò kiri ara ògiri bí ọlọ́pàá. Ṣé ológbò wà nílé yìí? Ta ni yóò máa fún wọn lóúnjẹ tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò? Ṣé ẹ mọ̀ pé n kì í ta ẹyọ kan ṣoṣo, torí pé ìdánìkanwà á pa á? Bí ìdáhùn kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mu tíì rẹ̀ tán, á dúpẹ́, á wọ bàtà, ó parí nìyẹn. Ó kọ̀ fún oníṣègùn eyín kan báyìí, ó sì kọ̀ fún àlùfáà ìjọ wa pẹ̀lú. Àlùfáà bínú o, ṣùgbọ́n ológbò mẹ́ta ló ń sìn.

Èmi ni aládùúgbò rẹ̀ lókè Oxenhope, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, mo sì bẹ̀rù eku ju bí mo ṣe bẹ̀rù ejò lọ. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìlá ni mí, inú ọbẹ̀ ni mo ti mọ eku. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ìyá arúgbó kan ń sìn wọ́n sí yàrá tó fara ti tèmi, mo di gbogbo ihò tó wà nílé mi pa pẹ̀lú símẹ́ńtì. Lọ́jọ́ kejì ló kan ilẹ̀kùn mi pé kí n jọ̀ọ́, kí n dín orin ẹ̀mí mi kù, ìyá ọlọ́mọ wà lẹ́yìn ògiri. Mo bi í pé ìyá ọlọ́mọ wo. Ó ní eku ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín, ó ní tí ẹ̀rù bá ba ìyá eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ. Mo dín orin kù. Ta ni yóò fẹ́ ìyẹn lọ́rùn?

Eku tirẹ̀ kì í sì í ṣe eku ilé. Ilẹ̀ Áfíríkà wa lọ́hùn-ún ni ìran wọn ti wá, orí igi ni wọ́n ń gbé. Wọn ò tóbi ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ, ara wọn rí bí eérú, ojú wọn dúdú róbótó, ìrù wọn sì kún bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fi ìrù mú wọn, awọ ìrù náà ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ìgbà tí Enid fi iṣẹ́ ìdáná ilé ìwé sílẹ̀, tí Wilf ọkọ rẹ̀ sì kú, ló kó gbogbo ara lé wọn. Òun ló ń ge ẹ̀ka igi fún wọn, tí á fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ kó tó kó o sínú táńkì gíláàsì. Òun ló ń gé èso wẹ́wẹ́, tó ń se ẹyin, tó ń sin ìdin tí wọ́n ń jẹ.

Ohun tó bẹ̀rù jù ni òtútù. Tí ilé bá tutù, eku wọ̀nyí á ká jọ, ara wọn á di yìnyín, èémí wọn á jìnnà síra débi pé ojú lásán kò ní rí i. Níbi tí wọ́n ti wá, bí wọ́n ṣe ń la àkókò ìyàn já nìyẹn. Nínú ilé ènìyàn, ewu ni. Nítorí náà hítà kì í kú nínú yàrá yẹn, kódà nígbà tí Enid fúnra rẹ̀ bá ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sí ibi ìdáná rẹ̀, mo ń retí ẹran màlúù tó wà nínú ààrò. Fóònù dún. Ọwọ́ Enid kún fún ìyẹ̀fun, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Kirsty ni, obìnrin kan ní Keighley tó gba eku méjì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fún Martha ọmọ òun àti Gareth ọkọ rẹ̀. Martha ló sọ wọ́n ní Toffee àti Bramble.

"Màmá Enid, ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé àkókò oúnjẹ ni. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa ni. Toffee àti Bramble ti lọ."

"Wọ́n lọ síbo? Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti kú."

Enid súnmọ́ fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kirsty, ṣé ilé yín tutù?"

"Ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́! Bọ́ílà ló dákú nígbà tá a lọ kí ìyá mi ní Leeds. Àná la dé, ilé ti dà bí inú fìríìjì. A bá wọn ní kíká jọ, wọ́n ti le. Ó yára pa wọ́n, mo rò pé wọn ò jẹ̀rora."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"A ti fi agolo bisikíìtì sin wọ́n láàárọ̀ yìí, nínú ọgbà. Ìsìnkú náà wú mi lórí, Màmá Enid. Gareth ń fi dígà gbẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ le bí irin, Martha sì fi Bramble mọ́ àyà nínú kóòtù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń kọrin fún un. Kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀..."

"Ẹ wú wọn jáde."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kẹ́ ẹ wú wọn jáde! Oorun ni wọ́n ń sùn! Kirsty, oorun ni!"

Mo ti mọ Enid pẹ́, mi ò gbọ́ kó pariwo rí. Mo gbọ́ tí Kirsty bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé Gareth ti gbé òkúta ńlá lé ibẹ̀ kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ má baà wú wọn, òun nìkan ò lè yí i, Gareth sì ti lọ sí Bradford lọ wá ẹni tó máa tún bọ́ílà ṣe.

"À ń bọ̀," ni Enid wí. Ó wo ojú mi. Òun kì í wakọ̀.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn, wọn ò tíì da iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín sí i. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa wakọ̀. Lóòótọ́ ni mo ń sọ, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn débi pé mo gbàgbé àdúrà. Mọ́tò ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ, ògiri òkúta wà lápá kan, gegele wà lápá kejì, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí bíréèkì. Enid sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá, ó ń dá sọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún wọn nípa òtútù. Mo sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kílé tutù."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà yẹn. Kí lẹ tún fẹ́ ṣe?"

"Mi ò sọ pé oorun yẹn jọ ikú. Mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ náà ló jókòó síwájú mi tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ máa dárúkọ ikú sọ́mọdé létí. Mo ní màá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A dé ẹnu ọ̀nà, òjò ń rọ̀." Ó di apá ẹ̀wù mi mú. "Ọmọ mi, tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀."

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kí àwa náà dé láàyè.

Kirsty dúró sẹ́nu géètì tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lásán nínú yìnyín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yí òkúta náà kúrò, mo sì bú Gareth lédè Yorùbá bí mo ṣe ń ti í. Enid kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ́ kékeré ha ilẹ̀. Ilẹ̀ tí Gareth tú láàárọ̀ ti ń dì padà. Martha dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di etí ara rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí agolo bisikíìtì náà yọ, a rí i pé Gareth ti fi téèpù dúdú yí ìdérí rẹ̀ ká pinpin, kí kòkòrò má baà wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ Enid ti kú fún òtútù, kò rí téèpù já. Èmi ni mo fi eyín já a.

Enid ṣí i. Toffee ti ká jọ róbótó bí obì, ìrù rẹ̀ bo imú rẹ̀. Bramble kò ká jọ. Ó nà gbalaja ní igun agolo, imú rẹ̀ kọ ojú sí ìdérí, èékánná ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sì ti ṣẹ́. Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára páànù náà. Enid yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo Bramble, ó gbé e sínú súwẹ́tà rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i.

"Ẹ jẹ́ n lọ mú ẹ̀rọ tá a fi ń gbẹ irun!" ni Kirsty wí, ó ti ń sáré.

"O ò gbọdọ̀! Ooru òjijì á pa á. Ooru ọwọ́ ènìyàn ti tó. Martha, ọmọ mi, wá jókòó síbí." Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ ibi ìdáná. Ó gbé Toffee sínú ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì. "Má fún un mọ́ra. Má mì ín. Ṣáà jókòó."

Ẹ wo ìjókòó. Kirsty ń jẹ èékánná. Mo ń wo irun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn eku yẹn títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ó mì, ó sì tún ń ṣe mí bí ẹni pé kò mì. Mo bẹ Ọlọ́run nítorí eku, èmi náà. Tíì tí Kirsty pò tutù níwájú wa. Lẹ́yìn náà Martha fa èémí wọlé.

"Ó ta mí lọ́wọ́ pẹ́!"

Etí Toffee mì. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n náà le, Enid sì ní ìyẹn ló dára, kó máa gbọ̀n ni. Ojú rẹ̀ kan là. Kirsty pariwo, ó gbá mi mọ́ra, mo gbá òun náà mọ́ra.

"Bramble ńkọ́?" ni Martha wí.

Kirsty ti wo ojú Enid, ó ti mọ̀. Ó ń mi orí sí i lẹ́yìn ọmọ náà pé rárá, kó má sọ ọ́. Enid mú ọwọ́ rẹ̀ jáde láti inú súwẹ́tà, ó là á.

"Bramble ti kú, ọmọ mi."

"Ṣé ó ti kú nígbà tá a sin ín?"

"Màmá Enid, ẹ jọ̀ọ́," ni Kirsty wí.

"Rárá," ni Enid wí. "Oorun ló ń sùn. Ó jí lẹ́yìn náà. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún yín pé oorun wọn máa ń rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ohun kan ṣoṣo ni Enid ò sọ, kò sì sọ ọ́ di òní yìí. Toffee wà nínú agolo tútù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń bá oorun rẹ̀ lọ. Bramble ni ọmọ náà fi mọ́ àyà. Ooru ara Martha ló jí i.

Martha ò sunkún. Ó wo èékánná tó ṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́, Toffee sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Gareth wọlé láti Bradford, òun àti oníbọ́ílà, ó ń rẹ́rìn-ín pé òun ti rí ẹni tó máa gbà wá lọ́wọ́ òtútù.

"Dádì," ni Martha wí, "Bramble jí, a ò sì sí níbẹ̀."