Ọjọ́ Tí Mo Kó Sínú Igbà ní Ìbẹ̀fun

Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n gbé mi lọ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ló di ọ̀rẹ́ mi, òun ló sì mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbẹ̀fun nígbà ìsinmi Àjíǹde.

Adẹ́mu ni bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ojú mi ló ṣe gun ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wọn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé. Ó fi igbà, okùn líle tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, yí ara rẹ̀ àti igi ká, ó ń jù ú sókè, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ gùn ún."

"Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ níbí."

"Ṣé èèwọ̀ ni, Bàbá?"

Ó ronú díẹ̀. "N ò gbọ́ ọ rí pé èèwọ̀ ni. N ò kàn tíì rí i rí ni."

Mo sáré lọ wọ ṣòkòtò kákí mi. Ọ̀pẹ kúkurú kan ló kọ́kọ́ fi mí sí, ó ní kí n máa gùn ún, kí n máa sọ̀ kalẹ̀, títí òógùn fi bò mí. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sídìí èyí tó ga ju ilé alájà méjì lọ.

"Ẹ̀yìn ni kí o fi lé igbà," ó ní. "Bí o bá dì mọ́ igi, wàá yọ̀."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ara mi ò gbọ́. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo gbá igi mọ́ra. Lójú ẹsẹ̀ ni igbà dẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, igi sì bó mi ní ojúgun. Ọ̀rẹ́ mi ń bẹ̀ mí nísàlẹ̀ pé kí n máa bọ̀. Bàbá ò gbé ohùn sókè.

"Sinmi. Rọra fara lé igbà. Òun ló ti ń gbé èmi náà láti ìgbà ọ̀dọ́ mi."

Mo dijú, mo fara lé e. Igbà gbé mi.

Nígbà tí mo dé òkè, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà fò jáde, wọ́n ń bú mi. Mo rí páànù ilé, èyí tó ti dípẹtà àti tuntun, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Òdogbolú, ó kéré bí agolo mílíìkì. Atẹ́gùn fẹ́, ọ̀pẹ mì, èmi náà mì. Ẹ̀rín ni mo bú sí.

Ìgbà náà ni ìyá ọ̀rẹ́ mi ti oko dé, ó ru igi ìdáná.

"Ta ni mò ń wò lókè yẹn?"

"Àlejò ọmọ ẹ ni," Bàbá dáhùn.

Ìyá sọ igi kalẹ̀, ó jókòó lé e títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Ó wá fọwọ́ kan ojúgun mi tó bó, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí a ń jẹun, ọ̀rẹ́ mi kọjú sí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, láti kékeré ló ti ń wù mí kí èmi náà gun ọ̀pẹ."

"O ò sọ fún mi rí."

"Mo rò pé ẹ ó kọ̀ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Bàbá fúnra rẹ̀ ló so igbà mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi yá jù mí lọ. Ó dé òkè, ó ń ka ilé àwọn ará àdúgbò fún ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá sì dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń rín ẹ̀rín tó fi hàn pé eyín rẹ̀ ò pé mọ́.