Agbálẹ̀ Pupa Tó Ṣẹ́kù

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Babáfẹ́mi Olúbọ̀wálé, sọ fún un pé aáyán ló ń sìn. Mo ti sọ ọ́ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tí a jọ ń gbé ní Èjìgbò, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kòkòrò yàtọ̀ sí kòkòrò.

Èyí tó ń sìn kò tóbi ju èékánná ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tò ní ìpele ìpele bíi páànù òrùlé. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á ká ara rẹ̀ kò, á wá rí roboto. Abẹ́ búlọ́ọ̀kù àti abẹ́ ìkòkò òdòdó ni ilé rẹ̀, níbi tó bá ti tutù tó sì ṣókùnkùn. Àwọn tó ń rà á ń pè é ní aísópọ́ọ̀dù. Babáfẹ́mi ń pè wọ́n ní agbálẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Àwọn kan wà ní Èkó báyìí tó ń gbin ọgbà kékeré sínú ìgò tàbí àpótí gíláàsì, tí wọ́n ń gbé e sórí tábìlì ọ́fíìsì. Ewé á kú nínú rẹ̀, á jẹrà, á máa hu nǹkan funfun bí òwú. Ìgbálẹ̀ wo ló fẹ́ wọ ìgò? Agbálẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n á dà sínú rẹ̀, àwọn yẹn á jẹ ewé tó ti kú, wọ́n á fi tútù sílẹ̀, ọgbà á sì mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tí Babáfẹ́mi fi ń jẹun gan-an ni títún ẹ̀rọ ṣe, ní ilé iṣẹ́ oníke kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Abọ́ oníke tí ẹ̀rọ bá ṣe wọ́, tí kò ṣeé tà mọ́, á tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ìdérí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́. Á bu ilẹ̀ dúdú sí i, á kó ewé igi fúrúùtù gbígbẹ lé e, á gún ìkarahun ìgbín kúnná, kí ẹ̀yìn wọn lè le. Kì í mú ewé ẹ̀bá títì, nítorí èéfín tírélà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń ṣa tirẹ̀, á sè é, á sì sá a kó tó fún wọn. Ẹ̀fọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ eérú ni wọ́n máa ń ní. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó rí ọ̀kan nínú abọ́ rẹ̀ tó pupa bí ọ̀sàn tó pọ́n. Ó yà á sọ́tọ̀. Ó ń fi ọmọ rẹ̀ bí ọmọ-ọmọ, ó ń ṣà wọ́n, ó ń dá èyí tí kò pupa padà, títí pupa fi ń bí pupa. Nígbà tí ọdún yìí máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn aláwọ̀ eérú wà ní ẹ̀yìn ilé, àwọn pupa nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kíkí, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ọgbà inú gíláàsì nítòsí ọjà Aswani, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ta mẹ́wàá fún òun. Ó ní kò tíì yá, ó di ìgbà tí wọ́n bá pé ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú wọn, ó kéré tán lára àwọn tó mọ̀.

Oṣù kẹta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Kúnbi, dé láti Ṣàgámù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni. Ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà kan ní Ìsọlọ̀ sì ní kó máa wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ni Babáfẹ́mi dàgbà sí. Òun ló rán an níwèé, òun náà ló nà án nígbà tó ń sá fún ìwé. Bí ó bá ní kó jókòó, Babáfẹ́mi á ti jókòó kó tó wò ó bóyá àga wà níbẹ̀.

Àǹtí Kúnbi fẹ́ràn káńfọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó o sínú báàgì aṣọ, ó jù ú sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó jù ú sójú ihò omi ní ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ẹnu géètì ni òórùn rẹ̀ ti pàdé mi.

"Aáyán ti pọ̀ jù nílé yín," ó wí fún mi. "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ti bá a mọ́ra."

Babáfẹ́mi mọ̀ pé ohun tó ń pa aáyán kò ní ya agbálẹ̀ sọ́tọ̀. Mo bá a ní ẹ̀yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n má fi káńfọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

"Wọn ò ní ṣí i. Mo ti ní nǹkan iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀."

"Ṣé nǹkan iṣẹ́ ni?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé kòkòrò ni mò ń sìn? Ní ọjọ́ orí mi? Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

Ojú ló ń tì í, ó wá bu omi sẹ́nu. Wọ́n ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan fún, kí ló fẹ́ mọ̀? Mo ní kó gbé àwọn abọ́ náà wá sí yàrá mi. Ó ní yàrá mi gbóná jù. Ó gbóná lóòótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ńlá kan dákẹ́ ní ilé iṣẹ́ wọn, Babáfẹ́mi sì ń ṣe ṣíìfù méjì papọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Oorun nìkan ló ń gbé e wálé. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí ni Àǹtí Kúnbi, níbi tó ti ń gbá yàrá àbúrò rẹ̀, rí aáyán kan tó sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣí i. Ó rí abọ́ tí ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ wà nínú wọn, ó gbà pé ibẹ̀ ni aáyán ń yé sí. Ṣùgbọ́n Babáfẹ́mi ti ní nǹkan iṣẹ́ òun ni, kò sì dà wọ́n nù. Ó nu eruku ara wọn, ó tò wọ́n dáadáa, ó fi káńfọ̀ mẹ́rin mẹ́rin sí igun kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ìlẹ̀kùn pa. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ní Sátidé, Babáfẹ́mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kò pariwo. Ó kàn kó àwọn abọ́ wá sí ẹ̀yìn ilé, ó pè mí, a da ilẹ̀ inú wọn sórí bébà, a sì ń fi ṣíbí tú u. Gbogbo wọn ti dojú dé. Ó ń kà wọ́n bí a ṣe ń ṣà wọ́n jáde. Nígbà tó ka mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, mo rí ọ̀kan lábẹ́ èèpo igi tútù tó ń mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Babáfẹ́mi fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yí i padà. Abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, ó funfun. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ọmọ sí, bí ẹni pọn ọmọ síwájú; funfun ni àwọn ọmọ máa ń jẹ́ kí wọ́n tó pupa.

"Bí èyí bá kú, ó ti tán nìyẹn," ó wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, mo wo ibòmíràn.

Ó gbé e sínú abọ́ tuntun, ó gbé abọ́ náà sórí tábìlì pálọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ tó mọ́ lè máa dé ibẹ̀. Àǹtí Kúnbi wò ó lójú, ó bi í pé kí ló ṣe é. Babáfẹ́mi ní kò sí nǹkan. Inú bí mi débi pé mo wọ yàrá mi lọ, mo sì ti ìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ní kí n wá jẹun. Babáfẹ́mi wà ní ilé ìdáná, ó ń bu ìrẹsì. Àǹtí Kúnbi tẹ̀ síbi tábìlì, ó ṣí abọ́ náà, ó sì rí nǹkan pupa tó ń rìn.

"Aáyán ti wọ inú abọ́ o!" ó kígbe. Kí n tó lanu, agolo oògùn apakòkòrò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mì í, ó ti kọ ẹnu rẹ̀ sí i.

"Ẹ má fọ́n ọn!"

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Babáfẹ́mi rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Àǹtí! Ẹ gbé e sílẹ̀ báyìí!"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àyà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tó fi ń sọ gbogbo rẹ̀: àwọn agbálẹ̀, ọdún mẹ́fà, kọ́bọ́ọ̀dù, káńfọ̀. Àǹtí Kúnbi dúró lé e lórí, agolo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń ju káńfọ̀ káàkiri ilé yìí. O sì ń wò mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mélòó ni wọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

"Mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan, mà."

Ó gbé agolo náà sórí àga. Ó tẹ̀ ba, ó ń wá kòkòrò náà nínú abọ́ pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ó wí.

"Àwa méjèèjì ni, Àǹtí."

Ó ní kó dìde, oúnjẹ ti ń tutù. A jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ òórùn káńfọ̀ nílé wa mọ́. Ìgbàkigbà tí mo bá ń kọjá, mo máa ń rí Àǹtí Kúnbi lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ lé itan, ó sì jìnnà sí tábìlì tó ìwọ̀n apá méjì. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n bá òun tẹ fóònù pe àbúrò òun níbi iṣẹ́, ojú òun kò rí nọ́ńbà. Babáfẹ́mi gbé e, ariwo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Babáfẹ́mi," ó wí, "nǹkan wẹ́wẹ́ funfun ló pọ̀ lára gíláàsì fèrèsé — rárá, lára abọ́, nínú abọ́. Wọ́n ń rìn. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Máa bọ̀ wá wò ó."