Bàbá Tó Fi Bọ́ọ̀lù Jíjù Jẹun

Bàbá tí mo ń tọ́jú ní Meadowvale kì í wo bésíbọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti ń gbá a lórí tẹlifísàn, wọ́n á ní kí n yí i síbòmíràn. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Ọdún kejì tí mo dé Toronto nìyẹn, iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ń ṣe lọ́dọ̀ wọn: mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń po ọ́ọ̀tì tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Aláwọ̀ dúdú bíi tèmi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kánádà níbí ni wọ́n bí wọn sí.

Apá ọ̀tún wọn kì í gòkè kọjá èjìká. Ọmọ wọn obìnrin, tó máa ń wá láti Bowmanville ní Sátidé, ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

"Bésíbọ́ọ̀lù ni. Wọ́n ti fi jẹun rí, kí wọ́n tó bí mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí mo tún wẹ̀ wọ́n, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi í wò ó.

"Iṣẹ́ ni," wọ́n ní. "Tó o bá fi iṣẹ́ tìẹ yìí sílẹ̀, ṣé wàá máa jókòó wo ẹlòmíràn tó ń wẹ arúgbó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù, nídìí tíì. Oko tábà ni wọ́n ti dàgbà. Òkò ni wọ́n fi ń lé ẹyẹ, òkò wọn kì í sì í tàsé. Ọkùnrin kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri rí wọn, ó mú wọn lọ sínú ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, kí igi onítọ̀hún má bà á. Láyé ìgbà yẹn, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń sanwó fún nídìí iṣẹ́ náà ò pọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá dé ìlú kan, àwọn yòókù á wọ hòtẹ́ẹ̀lì tí kì í gba aláwọ̀ dúdú, Bàbá á sùn sínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tí Bàbá bá jù, máa ń di búrẹ́dì sínú bébà wá fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ju bọ́ọ̀lù, nǹkan ró nínú èjìká wọn bí ẹ̀ka igi tó dá. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa jù ú lọ. Wọ́n jù ú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹgbẹ́ ti já tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

"Ṣé ẹ sunkún?"

"Rárá. Mo jẹ ẹyin ní ibùdókọ̀. Ẹyin náà tutù. Ohun tí mo rántí nìyẹn."

Ìgbà òtútù yẹn ni bàbá tó bí mi lọ́mọ kú n'Íbàdàn. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò lè rìnrìn àjò. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Bí pásítọ̀ ṣe bu iyẹ̀pẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ọwọ́ pásítọ̀ dúró sófuurufú lójú fóònù. Mo ki fóònù bàpò, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Bàbá mi kú."

"O sunkún?"

"Rárá, sà."

"Ẹkún lè wá. Ó sì lè má wá. Tèmi ò wá." Wọ́n na apá òsì sí mi kí n lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan láti ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù gbé fìlà àti kámẹ́rà wá láti yẹ́ Bàbá sí. Wọ́n bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n rántí jù lọ nínú iṣẹ́ náà.

"Búrẹ́dì," ni Bàbá wí. Àwọn àlejò dúró de ìyókù ọ̀rọ̀.

Bàbá kú nígbà tí yìnyín tún dé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lórí àga. Mo pe ọmọ wọn. Kó tó dé, mo ti nu Bàbá, mo ti wọṣọ mímọ́ fún wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe," ó ní.

"Ẹ bọ́ kóòtù," mo ní. "Mo ti gbé omi tíì kaná."

A mu tíì náà tán. Wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣí sílẹ̀ ní Georgetown, ṣé mo lè ṣe é. Mo ní mo lè ṣe é. Mo wọnú ọkọ̀, mo tan hítà, mo jókòó títí yìnyín ara gíláàsì fi yọ́.