Mọ́ọ̀tì Àdúrà àti Ikùn Ṣadé

Iṣẹ́ ìtọ́jú oúnjẹ aláìsàn kò tíì mọ́ mi lára púpọ̀ nígbà tí Ìyá Ṣadé pọn ọmọ rẹ̀ padà wá sí ilé ìwòsàn wa n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ṣadé, ó sì ti rù ju bí a ṣe rí i kẹ́yìn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí igi ìṣáná, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú bíi ti alága ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Dókítà a máa wá àrùn, nọ́ọ̀sì a máa gún abẹ́rẹ́, àwa a sì máa sọ fún ènìyàn pé kó má jẹ ohun tó fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó ń gbé adìyẹ wá kí wa nígbà Kérésì. Dókítà ti sọ pé ìfun Ṣadé kò gba àlìkámà, ìyẹn ọkà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe fúláwà búrẹ́dì. Kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan mílíìkì tàbí ohun tó ti ara mílíìkì wá, títí ìfun náà yóò fi jiná. Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ̀ ní ohun tí yóò máa fún un: iṣu, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja. Ó rọrùn lójú mi. Ta ni kì í jẹ iṣu n'Íbàdàn?

"Àǹtí, gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe," ni Ìyá Ṣadé wí. "Ìyá ọkọ mi ní ebi ni mo fi ń pa ọmọ. Wọ́n ní tó bá di Sátidé, àwọn máa mú un lọ sí Ọ̀yọ́, kó lọ jẹ oúnjẹ gidi."

Nígbà tó jáde, ọ̀gá mi ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n gbà pé gbogbo aláìsàn ló ń purọ́, torí pé bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ti búra fún wọn rí pé òun ò fẹnu kan ṣúgà, èèrà sì ń rìn lára irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi ò gbà. Mo ti rí ojú obìnrin náà. Lọ́jọ́ kejì, kí ìyá ọmọ náà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wọn ní Agbówó.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ọlọ́pàá.

"Ìwọ lo ní kí ọmọ mi má mu mílíìkì?"

"Èmi ni, màmá."

"Ìwọ náà ò kúkú sanra."

Mo tẹ́ ẹní, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú agolo àti páálí jáde, mo sì ń kà wọ́n. Ibi tí iṣẹ́ wa ti le nìyí. Orúkọ tí oúnjẹ ń jẹ́ kọ́ la ń wá, àwọn nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè ki, kó lè dùn, kó má baà tètè bàjẹ́, ni. Bọ́tà ní epo ni wọ́n fi ṣe òun, àmọ́ omi wàrà wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Fúláwà wà nínú èròjà ọbẹ̀. Búrẹ́dì gígún ló kún inú sọ́séèjì. Òmíràn kàn ní "sitáàṣì". Ti ẹ̀gẹ́ ni àbí ti àlìkámà? Ọlọ́run àti ẹni tó ṣe é ló mọ̀. Agolo kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ èdè tí wọ́n fi kọ ara rẹ̀.

Mo ní, "Èyí tí kò bá lè sọ ara rẹ̀, kó jáde nílé yìí."

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nìyá ọmọ náà ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Wọn ò tó ohun tó lè sọ ọmọ di eegun bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá nǹkan mìíràn ń wọ ẹnu rẹ̀.

"Kò jẹ nǹkan kan," ni màmá wí.

Ṣadé fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Mo máa ń mu mọ́ọ̀tì àdúrà."

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá gbé ojú sókè. "Mo ní kò jẹ nǹkan kan. Mi ò sọ pé kò mu."

Àṣé wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Òjòó ló ń gbàdúrà sí mọ́ọ̀tì náà. Bí Ìyá Ṣadé bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀, màmá á bu ife kan fún ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ lè kún ara rẹ̀. Ọkà báálì sì ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì. Àbúrò àlìkámà ni báálì, ìfun Ṣadé kò sì mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò.

"Àdúrà ti lé gbogbo ìyẹn jáde nínú rẹ̀," ni màmá wí.

Mo mọ̀ pé tí mo bá bá wọn jiyàn, ọmọ di ará Ọ̀yọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú mi lọ bá wòlíì.

Wòlíì dijú nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Nígbà tó yá, wọ́n lajú.

"Kí ni kò ní pa á lára?"

"Omi àgbọn, bàbá."

"Ẹ lọ ra àgbọn wá." Wọ́n kọjú sí màmá. "Ọlọ́run ló dá ikùn ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá A jà."

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì rọra sọ fún mi pé bí àwọn bá ti fi ẹ̀wà ṣínu ààwẹ̀, ikùn àwọn a máa pariwo bí àwọn bá ń ríran lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n máa fi ẹ̀kọ ṣínu. Nínú gbogbo aláìsàn mi ọdún yẹn, àwọn ló gbọ́ràn jù.

Nínú takisí, nígbà tí a fẹ́ dé Agbówó, màmá kọjú sí mi.

"Ṣé mo ti fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ọmọ yìí ni?"

"Ìfẹ́ lẹ fi fún un, màmá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìfẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbá pa á. Wọ́n mi orí, wọ́n sì wo ìta.

Ṣadé kò lọ sí Ọ̀yọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti ń sáré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti yọ. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó di ẹ̀kọ́ náà mú bíi màmá yẹn. Wọn ò mọ̀wé rárá. Àwọn fúnra wọn ló ń lọ ra nǹkan ọmọ náà ní Dùgbẹ̀, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ títí ẹni tó ń tajà yóò fi ka gbogbo ohun tó wà lára páálí sí wọn létí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà náà dá mi dúró lọ́jọ́ kan, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ẹ bá mi bẹ màmá yẹn. Iyọ̀ ni wọ́n mú. Mo ní, 'Màmá, iyọ̀ lásán mà ni.' Wọ́n ní kí n kà á."